Bí A Ṣe Ń Yan Òòfà Tó Bá Ìtàn Mu fún Pickup Gìtá Oníná Aláwòṣe Àtijọ́

Ẹni tó bá ń kan gìtá oníná tó fẹ́ kó jọ ti àtijọ́ sábà máa ń fara balẹ̀ yan igi, ó máa ń wá ọ̀dà tó bá ọdún rẹ̀ mu, ó sì tiẹ̀ lè fi odindi oṣù kan wá síkúrù tí wọ́n la orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tó bá kan pickup, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ń sọ ìgbọ̀n okùn di iná mànàmáná, èyí tí wọ́n kọ "Alnico 5" (orúkọ oríṣi irin òòfà kan) sí lára páálí rẹ̀ ni yóò rà, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ òòfà ti parí síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ọdún kankan fún wa. Kò sọ bí wọ́n ṣe to òòfà náà sínú pickup, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe gìtá náà lo irú òòfà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn rárá. Ọdún ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, ká tó wá kan irin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ọdún kan pàtó

Ẹ kọ orúkọ gìtá tí ẹ fẹ́ wò ṣe àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kí a kàn sọ pé "gìtá àwọn ọdún 1950" kò tó, nítorí pé àárín ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà. Gìtá Telecaster ti ilé iṣẹ́ Fender, tó kọ́kọ́ jáde ní 1950 pẹ̀lú orúkọ Broadcaster, sábà máa ń ní ọ̀pá òòfà Alnico 3 tí orí wọn tẹ́jú dọ́gba nínú pickup ẹ̀gbẹ́ bírììjì (irin tí okùn jókòó lé lára gìtá). Nígbà tí ọdún 1955 fi máa parí, ọ̀pá Alnico 5 tí gíga wọn kò dọ́gba ti gba ipò wọn. Stratocaster jáde ní 1954, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló sì ní Alnico 3, kí Alnico 5 tó gbapò láti nǹkan bí 1955. Ẹni tó ń wo gìtá 1954 ṣe àti ẹni tó ń wo ti 1957 ṣe kò gbọ́dọ̀ ra òòfà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti òkèèrè, gìtá méjèèjì jọra bí ìbejì.

Ní ti ilé iṣẹ́ Gibson, pickup tó ń jẹ́ P-90, tó jáde ní 1946, ló wà lórí gìtá Les Paul láti 1952 títí di 1956. Ní 1957 ni humbucker, ìyẹn pickup oníwáyà wíwé méjì, gba ipò rẹ̀. Les Paul Custom ti 1954 tún dá yàtọ̀ láàárín wọn: pickup ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ ní òòfà Alnico 5 kéékèèké mẹ́fà tí orí wọn ní igun mẹ́rin, a sì lè fi síkúrù gbé wọn sókè tàbí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún rìn sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, alnico fúnra rẹ̀ yóò kúrò nínú ọ̀rọ̀. Gìtá orí itan tí Rickenbacker gbé jáde ní 1932 ní òòfà ńlá méjì tó tẹ̀ bíi bàtà ẹṣin, àwọn okùn sì ń gba inú wọn kọjá. ES-150 tí Gibson ṣe ní 1936 ní òòfà irin líle méjì tó gùn, tó sì wúwo, tí wọ́n tò sábẹ́ ojú gìtá. Ẹni tó bá fi alnico sínú àwòṣe ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lè rí ohùn tó dùn, ṣùgbọ́n kò lè pè é ní èyí tó bá ìtàn mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ bí òòfà ṣe jókòó nínú pickup náà

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí àkọ́kọ́, tí í ṣe ti Fender, ọ̀pá òòfà mẹ́fà ló dúró ṣánṣán sábẹ́ okùn mẹ́fà, wọ́n sì wé wáyà yí àwọn ọ̀pá náà ká. Nínú èkejì, tí í ṣe ti Gibson, òòfà pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ wáyà, síkúrù tàbí èèkàn irin ló sì ń gbé agbára rẹ̀ gòkè lọ bá àwọn okùn. P-90 ní òòfà pẹlẹbẹ méjì. Humbucker ní ẹyọ kan láàárín wáyà wíwé méjì. Pickup Danelectro, tó wà nínú páìpù tó dà bí ilé ìkuntè, tún ní ọ̀nà tirẹ̀: òòfà pẹlẹbẹ ni wọ́n wé wáyà yí ká tààrà, kò sí èèkàn kankan níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu. Òòfà pẹlẹbẹ ṣeé fà yọ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín wákàtí kan, nítorí náà ẹ lè ra mẹ́ta kí ẹ sì dán gbogbo wọn wò. Ọ̀pá òòfà inú pickup Fender kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló fara ti ọ̀pá náà, bí ẹ bá sì gbìyànjú láti ti ọ̀pá kan jáde, wáyà náà yóò já, gbogbo wíwé náà yóò sì bàjẹ́. Ẹ yan irin ọ̀pá yín kí wọ́n tó wé wáyà. Bí ẹ bá sì ń ra èyí tí wọ́n ti wé tẹ́lẹ̀, ẹ bi ẹni tó ṣe é léèrè kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lóye àwọn nọ́ńbà alnico

Alnico jẹ́ irin tí wọ́n fi alumíníọ́mù, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì pò mọ́ irin lásán, bàbà díẹ̀ sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ náà kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Alnico 3 kò lágbára tó Alnico 2, agbára tí Alnico 4 ń dá dúró sì kéré ju ti àwọn méjèèjì lọ. Nọ́ńbà oríṣi àpòpọ̀ lásán ni.

Alnico 2 ní kóbáàtì tó tó ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Alnico 5 ní nǹkan bí 24. Alnico 4 ní 5 péré. Alnico 3 kò sì ní kóbáàtì rárá, orúkọ ẹbí nìkan ló ń jẹ́. Bí a bá fi gauss wọn agbára tó máa ń ṣẹ́ kù nínú irin lẹ́yìn tí a bá ti fún un lágbára tán, Alnico 5 máa ń tó nǹkan bí 12,800, Alnico 2 tó 7,500, Alnico 3 tó 7,000, Alnico 4 sì tó 5,600. Ìdí tí Alnico 5 fi ta wọ́n yọ ni pé inú agbára òòfà ńlá ni wọ́n ti ń jẹ́ kó tutù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, gbogbo ara rẹ̀ á sì kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Òmíràn tún wà tí wọ́n fi àpòpọ̀ kan náà ṣe láìgbé e gba ọ̀nà yìí, agbára rẹ̀ sì kéré sí i. Bí olùtajà bá sọ pé "Alnico 5" ni, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Nọ́ńbà kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ti bí irin náà ṣe lè dúró ti agbára rẹ̀ nígbà tí òòfà mìíràn bá dojú kọ ọ́. Alnico 4 ló le jù níbí, ní nǹkan bí 720 oersted; Alnico 5 jẹ́ 640, Alnico 2 jẹ́ 560, Alnico 3 sì jẹ́ 480. Ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí tábìlì iṣẹ́ ni pé ọ̀pá Alnico 3 lè pàdánù nínú agbára rẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ kó fara kan òòfà tó lágbára jù ú lọ. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn pọ̀ sínú agolo kan.

Ní ti ohùn, Alnico 5 máa ń jẹ́ kí ohùn òkè dán, kí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn sì mú ṣáṣá. Alnico 2 àti 3 rọ̀ jù ú lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn wọn kì í ta kìjí. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òfin o. Iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà àti bí pickup ṣe súnmọ́ okùn lè yí ohùn padà ju ìyàtọ̀ Alnico 2 sí Alnico 3 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bó bá jẹ́ humbucker àkọ́kọ́, ẹ gbà pé ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ

Seth Lover, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Gibson, béèrè ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ fún humbucker rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1955. Oṣù Keje ọdún 1959 ni wọ́n tó fún un. Láàárín ìgbà náà, wọ́n lẹ sítíkà kékeré kan mọ́ ìdí pickup náà tó sọ pé wọ́n ti béèrè ìwé àṣẹ, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ PAF ("Patent Applied For") ti wá. Nọ́ńbà tó wà lára sítíkà tó rọ́pò rẹ̀ ní nǹkan bí 1962 kì í tilẹ̀ ṣe ti pickup: nọ́ńbà ìwé àṣẹ fún irin ìdè okùn tí Les Paul, olórin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gìtá náà, hùmọ̀ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá lọ wá nọ́ńbà náà nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, irin ìdè okùn ni yóò bá.

Kókó ibẹ̀ ni pé Gibson kò tẹ̀ lé oríṣi òòfà kan ṣoṣo láti 1957 títí di nǹkan bí 1961. Èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, ìdí nìyí tí Alnico 2, 3, 4 àti 5 fi ń jáde nínú PAF tí wọ́n bá tú. Ní nǹkan bí 1961 ni òòfà náà kúrú díẹ̀, Alnico 5 sì wá di èyí tó gbilẹ̀. Nítorí náà, bí olùtajà kan bá sọ fún yín pé òun nìkan ló ní "òòfà PAF gidi," ẹ mọ̀ pé ọjà ló ń tà.

Bí ìtàn bá ti gba oríṣi mẹ́rin láàyè, etí ló kù kó yàn nínú wọn. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá fi Alnico 4 tàbí Alnico 2 sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti máa ń wú jù, màá sì fi Alnico 5 sí ẹ̀gbẹ́ bírììjì, níbi tí okùn kì í ti í gbọ̀n púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nìyí, ẹlòmíràn lè yí i padà kó má sì jìnnà sí òtítọ́. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lórí rẹ̀ ni ìwọ̀n: òòfà gígùn ti ìbẹ̀rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 2.5, ó fẹ̀ tó ìdajì ínǹṣì, ó sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 63.5, 12.7 àti 3.2. Bí ẹ bá ń wo gìtá 1959 ṣe, tí ẹ wá fi òòfà kúkúrú sí i, ẹ ti kọjá ọdún tí ẹ mú.

Ẹ ó tún gbọ́ àríyànjiyàn lórí òòfà tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka bó ṣe jáde látinú iyanrìn àti èyí tí wọ́n fá dán. Bó bá jẹ́ ìrísí ni ẹ ń wá, èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka jọ ti àtijọ́ jù. Èmi ò tíì fi etí mi gbọ́ ìyàtọ̀ kan nínú ohùn wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ra fún àwòṣe tí ojú rẹ̀ jọ, tí inú rẹ̀ kò jọ

Gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àpẹẹrẹ tó dára jù lórí èyí ni humbucker ńlá tí Seth Lover tún ṣe fún Fender nígbà tó kúrò ní Gibson, tó sì jáde lórí gìtá wọn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ nínú 1970s. Síkúrù tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe irin lásán tó ń gbé agbára òòfà. Àwọn fúnra wọn ni òòfà. Cunife ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ìyẹn bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti irin. Alnico máa ń le, ó sì máa ń fọ́ bí àwo, kò ṣeé gbẹ́ ẹsẹ̀ síkúrù sí, ṣùgbọ́n cunife rọ̀ tó láti gbẹ́. Nígbà tí cunife wọ́n lọ́jà, ọ̀pọ̀ àwòṣe tó jáde lẹ́yìn náà ní ìbòrí kan náà àti síkúrù tó jọ tirẹ̀, àmọ́ òòfà pẹlẹbẹ lásán ló wà ní ìsàlẹ̀. Ohùn wọn yàtọ̀, nítorí irin lásán tí wọ́n fi ṣe síkúrù ń nípa lórí wáyà ju cunife lọ. Ní bíi 2020, Fender tún padà ṣe èyí tó ní cunife, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí síkúrù yín jẹ́ ní pàtó.

Òòfà séráámíkì kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọdún 1950 ló kọ́kọ́ jáde lọ́jà, àwọn pickup olówó pọ́ọ́kú ti 1960s sì lò ó. Pickup Super Distortion tí ilé iṣẹ́ DiMarzio ṣe ní 1972 ló wá sọ ọ́ di ohun tí àwọn olórin ń wá kiri. Kò ní ipò nínú àwòṣe Gibson tàbí Fender ti 1950s.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gíga ọ̀pá àti ọ̀rọ̀ okùn kẹta

Nínú Stratocaster àtijọ́, gíga ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò dọ́gba, nítorí ayé ìgbà yẹn, wáyà ni wọ́n wé mọ́ okùn kẹta, ohùn rẹ̀ kò sì lágbára. Wọ́n gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì tẹ ti okùn kejì wálẹ̀. Lónìí, okùn kẹta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò kò ní wáyà lára. Bí ẹ bá fi sórí ọ̀pá gíga àtijọ́, òun ni yóò máa pariwo ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹ ní ọ̀nà méjì: kí ẹ lo okùn tí wọ́n wé wáyà mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, tàbí kí ẹ lo ọ̀pá tó dọ́gba, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ọ̀pá tó dọ́gba lórí Stratocaster jẹ́ ti àárín 1970s. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo ọ̀pá àtijọ́ pẹ̀lú okùn àtijọ́. Òòfà kò dá ṣiṣẹ́ láìsí okùn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìhà àríwá àti ìhà gúúsù

Ẹ lo kọ́ńpáàsì kékeré. Orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó máa ń tọ́ka sí àríwá ni ìhà gúúsù òòfà máa ń fà. Ẹ má ṣe gbé e sún mọ́ òòfà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí òòfà tó lágbára lè yí abẹ́rẹ́ náà padà pátápátá, á sì wá máa purọ́ fún yín títí lọ.

Pickup mẹ́ta Stratocaster ti 1950s kọjú sí ìhà kan náà. Àwọn tí wọ́n ń ṣe lóde òní sábà máa ń yí ti àárín padà, wọ́n á sì tún yí ọ̀nà tí wọ́n gbà wé wáyà rẹ̀, kí ariwo híhùn lè kú nígbà tí a bá tan méjì pọ̀. Ìrọ̀rùn gidi ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú gìtá tí ẹ ń wò ṣe. Ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó ra ọ̀pá.

Nínú P-90, ìhà kan náà ni òòfà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ sí àárín níbi tí síkúrù wà, nítorí náà wọn yóò máa ti ara wọn dànù bí ẹ ti ń tò wọ́n; ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n mú dáadáa. Nínú humbucker, ẹ fi péńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí síkúrù kí ẹ tó fa òòfà àtijọ́ yọ. Mo ti gbàgbé àmì yìí rí, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tú palẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti jó ìbòrí rẹ̀ pa tán. Bí òòfà pickup kan bá yí padà, kò ní sí ìṣòro nígbà tí ẹ bá tan án nìkan. Ìgbà tí ẹ bá tan méjèèjì pọ̀ ni ohùn yóò di tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló sọ gìtá Les Paul tí Peter Green, olórin gìtá, lò di olókìkí, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àṣìṣe náà ń burú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Fífi òòfà sínú humbucker àti ìdánwò ìkẹyìn

Ẹ tú okùn, ẹ yọ pickup kúrò, ẹ sì fi irin gbígbóná yọ lẹ́ẹ̀dì tó di ìbòrí mú. Ẹ má bẹ̀rù pé ooru yìí yóò pa òòfà. Alnico máa ń gba ooru tó ju ti irin ìjólẹ́ẹ̀dì lọ. Wáyà ni kí ẹ máa bẹ̀rù fún. Ẹ tú síkúrù mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ má yọ wọ́n tán, kí ẹ sì fi igi pẹlẹbẹ ti òòfà jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ti tuntun wọlé pẹ̀lú ìhà tó bá àmì yín mu, kó fara kan èèkàn irin ní ẹ̀gbẹ́ kan àti irin tó di síkúrù mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, agbára yóò dínkù. Ẹ wá dè é padà.

Wọ́n tún ń ta òòfà tí wọ́n pè ní "èyí tó ti gbó," tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù. Ọjọ́ orí nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín agbára alnico kù. Òòfà mìíràn tó dojú kọ ọ́ tàbí tó wà nítòsí rẹ̀ ló sábà ń fà á, ìyẹn sì máa ń yàtọ̀ láti gìtá sí gìtá. Èyí tí agbára rẹ̀ pé ni kí ẹ rà, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ọjọ́ tí gìtá náà jáde.

Nígbà tí ẹ bá ti to okùn padà, ẹ tẹ okùn mọ́ fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọrùn gìtá) ìkẹyìn kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá. Fún pickup Fender aláwòṣe àtijọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 2.4 lábẹ́ okùn tó nípọn jù àti 2 lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù. Ẹ wá ta okùn kẹfà ní òkè ọrùn gìtá. Bí ohùn náà bá ń mì bí ohùn méjì tó ń bá ara wọn jà, òòfà ló ń fa okùn. Ẹ tẹ pickup wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìjà náà yóò fi parí. Alnico 5 ló máa ń ṣe èyí jù, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan pickup méjì pọ̀ nínú áńpù, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn kún, kí ẹ sì fi péńsù kọ oríṣi òòfà, ìhà rẹ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ náà sínú ihò tí pickup jókòó sí kí ẹ tó bò ó.